Ẹ Má Gba Kọ́kọ́rọ́ Lọ́wọ́ Àwọn Ọ̀dọ́: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Tí Ẹ Ní Ilé Ìtajà Ńlá ní Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ní àwọn ilé ìtajà ńlá ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Benin, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú ọjà, ẹ kú ìnáwó òṣìṣẹ́. Ajé kò ní kọ̀yìn sí yín.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi dìde rèé. Ẹ ṣe ìpàdé, ẹ sì fẹnu kò pé láti ìsinsìnyí lọ, ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún kò gbọdọ̀ ṣe gérant, ìyẹn alábòójútó ilé ìtajà, mọ́ ní ilé ìtajà yín kankan. Kò gbọdọ̀ mú kọ́kọ́rọ́ àpótí owó lọ́wọ́, kò sì gbọdọ̀ buwọ́ lu ìwé ọjà tó ń wọlé. Àwọn tó wà nípò náà báyìí, ẹ ní kí wọ́n padà sídìí kẹ́ẹ̀sì, kí ọmọ ẹbí tó dàgbà tàbí ẹni tí ẹ mú wá láti Kútọnu rọ́pò wọn. Ẹ̀sùn mẹ́ta lẹ kà sí wọn lọ́rùn: pé owó ń sọnù, pé ojú wọn kò tíì là, pé wọn kì í dúró pẹ́.

Mo ti ṣe gérante ní ilé ìtajà kan nítòsí Ouando kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. N kò ní dárúkọ ibẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹnì kan. Kétu ni wọ́n bí mi sí, Àjàṣẹ́ ni mo ti kọ́ṣẹ́. Lónìí, èmi ni mo ń bójú tó ibi ìkó-ọjà-sí fún oníṣòwò kan tó ń fi ọkọ̀ kó ọjà lọ sí Sákétẹ́, Pọ́bẹ̀ àti Kétu. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ tí wọ́n fi gbà mí síbẹ̀, inú ilé ìtajà yẹn ni mo ti rí i. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè panu mọ́ nígbà tí ẹ fẹ́ ti ilẹ̀kùn yẹn mọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa.

1. Ẹ kò tíì mọ iye ohun tí ẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn

Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba BAC G2 tàbí G3, ìwé ẹ̀rí girama ti ìṣirò owó tàbí ti òwò, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, bó bá ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì, ọdún mélòó kan lè kọjá kí ẹnikẹ́ni tó bi í pé kí ni èrò rẹ̀. Yóò máa to ìwé sínú fáìlì, yóò máa gbé fọ́ọ̀mù láti yàrá kan lọ sí èkejì. N kò bú iṣẹ́ ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n ní ilé ìtajà, láàárín oṣù díẹ̀, ọmọ yẹn ti ń ṣí ilẹ̀kùn láàárọ̀, ó ti ń ka owó ṣéńjì lé àwọn tó wà nídìí kẹ́ẹ̀sì lọ́wọ́, ó ti ń parí ìjà láàárín ẹni tó ń to ọjà àti ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì ló jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Bó bá di alẹ́, òun ni yóò ka owó inú àpótí, tí yóò fi owó orí fóònù ti MoMo àti ti Moov kún un, tí yóò sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ẹ̀rọ kọ sílẹ̀. Bí 500 fráǹkì bá dín, kò ní sùn títí yóò fi mọ ibi tó gbà. Ojoojúmọ́ ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ń hàn sí i, kò sí ẹni tó lè tàn án pé ó ṣe dáadáa nígbà tí kò ṣe dáadáa. Iṣẹ́ mélòó lẹ mọ̀ tó ń fi irú èyí lé ọmọ ọdún méjìlélógún lọ́wọ́?

Ẹ jẹ́ ká wo ìṣirò ibẹ̀, torí mo gbọ́ tí ẹnì kan nínú yín ń sọ pé ọjà títà kò gba ìwé. Agolo kan tí a rà ní 800 fráǹkì tí a ń tà ní 1,000, èrè orí rẹ̀ jẹ́ 200. Bí oníbàárà bá bẹ̀bẹ̀ tí a yọ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún fún un, 900 la tà á, èrè sì di 100. Ìdá 10 péré la yọ lára iye ọjà, ìdajì èrè ló lọ. Ẹni tó bá fẹ́ rí èrè àtijọ́, ìlọ́po méjì ohun tó ń tà tẹ́lẹ̀ ni yóò tà. Bí agolo kan ṣoṣo bá sọnù, èrè agolo mẹ́rin la ó fi dí ihò 800 yẹn. Mo mọ àwọn tó ti ń ná ọjà fún ogún ọdún tí wọn kò tíì jókòó ṣírò èyí rí, tí wọ́n ń yọ owó fún oníbàárà títí ọjà fi tán nílẹ̀ tí owó kò sì sí. Gérant ọ̀dọ́ mọ̀ ọ́n láàárín ọdún kan, torí iwájú rẹ̀ ló ti ń ṣẹlẹ̀. Bó bá di ọjọ́ tó dá òwò tirẹ̀ sílẹ̀, kò ní fi owó ara rẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn.

Yóò tún mọ ìgbà. Kí Ramadan tó wọlé ni ṣúgà, mílíìkì àti dàbínù ti gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbààwẹ̀ kó tó ránṣẹ́ lọ ra ọjà, àṣẹ́kù ni yóò bá. Ìwé ìkọ̀wé àti bíìkì ń lọ nígbà tí àwọn ọmọ fẹ́ wọlé ní oṣù Kẹsàn-án. Ohun mímu ní láti tutù nílẹ̀ kó tó di ìsinmi Vodun nínú oṣù Kínní. Yóò mọ̀ pé ọjà tó kọ́kọ́ wọlé ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde, pé tuntun ń lọ sẹ́yìn, àtijọ́ ń bọ̀ níwájú, kí ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sára páálí má baà ré kọjá. Yóò mọ̀ pé nígbà tí iná bá lọ, firísà tó kún tí a kò ṣí lè mú òtútù dúró tó wákàtí 48, pé èyí tó kún dé ìdajì kò ju wákàtí 24 lọ, nítorí náà yóò kó adìyẹ inú méjì jọ sínú ọ̀kan kó tó wá epo jẹnẹrétọ̀.

Àti èèyàn. Ní Àjàṣẹ́ yìí, oníbàárà kan á fi Gùn bẹ̀rẹ̀, èkejì á fi Yorùbá dáhùn, ẹ̀kẹta á kó Faransé bò yín, ẹ̀kẹrin á ti ọ̀nà Ìgóló dé pẹ̀lú náírà lọ́wọ́ pé kí a bá òun ṣe é sí sefà. Ìyá àgbà kan á gbé ọṣẹ tó ti ṣí wá pé kí a gbà á padà. Gérant gbọ́dọ̀ dá gbogbo wọn lóhùn láìgbóhùn sókè, kó máa bọ̀wọ̀ fún àgbà, kó sì dáàbò bo owó yín. Ọmọ tí kò lè wo ojú èèyàn sọ̀rọ̀ nígbà tó dé, mo ti rí i tó ń bá àwọn olówó ọjà láti Kútọnu dúnàádúrà, tí ó ń sọ fún wọn pé iye tí wọ́n kọ kì í ṣe iye tí a jọ sọ. Ilé ẹ̀kọ́ kankan kò kọ́ ọ.

Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 2019, tí kò ṣí i padà títí di oṣù Kejìlá 2020. Ọjà tó ń gba ibẹ̀ wọlé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n. Àwa tí a kò tíì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n la ń lọ láti ibi ìkó-ọjà-sí kan sí òmíràn ní Kútọnu, tí a ń wá ohun tí a lè fi dípò ohun tí kò sí mọ́, tí a ń ṣàlàyé fún oníbàárà ìdí tí iye fi yí padà. Nígbà tí ìjọba sì ní kí gbogbo ilé ìtajà máa fún èèyàn ní facture normalisée, ìwé ọjà tí ẹ̀rọ tí ìjọba fọwọ́ sí ń tẹ̀, pẹ̀lú TVA (owó orí ọjà) ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún tó hàn gbangba lórí rẹ̀, ta ló jókòó ti ẹ̀rọ yẹn ní ibi tí mo wà? Àwọn tí ẹ ní ojú wọn kò tíì là ni.

2. Owó tó ń sọnù: ẹ wádìí kí ẹ tó dájọ́

Ẹ̀sùn yìí ló dùn mí jù, nítorí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ farabalẹ̀ gbọ́ ọ.

Ní ilé ìtajà tí mo wí yẹn, gbogbo ìgbà tí a bá ka ọjà ni mílíìkì inú agolo máa ń dín. Ọ̀gá ti pín owó rẹ̀ lé àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta tó wà nídìí kẹ́ẹ̀sì lórí, wọ́n sì ti ń yọ ọ́ lára owó oṣù wọn. Ọ̀kan nínú wọn ń sunkún ní gbogbo ìgbà tí oṣù bá parí. Ọmọkùnrin tó ń to ọjà, tí kò tíì pé ogún ọdún, ló pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan pé kí n wá wo òkìtì páálí mílíìkì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já. Mẹ́wàá ni, ẹni tó já ọjà ti tò wọ́n ní márùn-ún-márùn-ún ní ìtò méjì. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, orí wọn kò dọ́gba.” Lóòótọ́ ni, ìtò kan kúrú ju èkejì lọ. A yí páálí kọ̀ọ̀kan sí ìmọ́lẹ̀. Mẹ́jọ nínú wọn, 48 ni wọ́n kọ sí i lára. Méjì tó kù, àwọ̀ kan náà, àwòrán kan náà, ṣùgbọ́n 24 ni wọ́n kọ sí wọn, ẹni tó já ọjà sì ti kọ ojú ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí mọ́ ògiri. Lórí ìwé tó mú wá, mẹ́wàá oní-48 ló wà. Agolo 48 ló ń bọ́ sọnù nígbàkígbà tí ọkọ̀ yẹn bá já ọjà. Ní 450 fráǹkì tí à ń rà á, 21,600 fráǹkì nìyẹn. Ẹ fi wé 52,000 fráǹkì tó jẹ́ owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin: ó lé ní ìdá méjì nínú márùn-ún rẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n ń já lára owó àwọn ọmọbìnrin tí kò fọwọ́ kan agolo kan.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ní kí a máa ṣí páálí kan nínú márùn-ún kí ẹnikẹ́ni tó buwọ́ lùwé, kí a sì kọ iye inú páálí sílẹ̀, kì í ṣe iye páálí nìkan. Mílíìkì kò dín mọ́.

Ọjà ń dín ní ọ̀nà tó pọ̀. Olówó ọjà lè gbé ohun tí kò pé wá. Ohun tó fọ́ tàbí tó bàjẹ́ lè wà tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀. Iye tuntun lè wà lára pákó ìtọjàsí kí iye àtijọ́ ṣì wà nínú ẹ̀rọ. Ẹ má bínú sí mi, àwọn ẹbí onílé ìtajà náà ń wọlé, wọ́n ń gbé ọtí, wọ́n ń gbé bísíkíìtì, wọ́n ní “bàbá mọ̀ sí i”, kò sì sí ẹni tó tó wọn í bi léèrè. Olè náà wà, n kò sẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìwé bá sọ pé ọjà mílíọ̀nù 12 ló wà nílẹ̀, tí a kà á tí ó jẹ́ 11,820,000, ohun tó dín jẹ́ 180,000, ìyẹn ìdá kan àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Nọ́ńbà yẹn kò tíì sọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ orúkọ gbọ́dọ̀ kà á ní ìtò-ìtò: ti ọṣẹ lọ́tọ̀, ti ohun mímu lọ́tọ̀, ti mílíìkì lọ́tọ̀, kó wo ọjọ́ tí ọjà wọlé, kó wo ẹni tó buwọ́ lù ú. Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ilé ìtajà mélòó nínú yín ló ń kà á bẹ́ẹ̀ lóṣooṣù? Ibi tí wọ́n ti ń kà á lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tí ọdún náà sì ń parí sí ẹjọ́, kí ni ọjọ́ orí gérant fẹ́ ṣe sí i?

3. Ọgbọ̀n ọdún kọ́ ni òye

Àwọn àgbà wa ló ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ní Kétu tí mo ti wá, ọmọbìnrin tó bá ti mọ owó kà, ìyá rẹ̀ yóò fi sídìí ẹrù, yóò sì lọ ra nǹkan ní ọwọ́ kejì ọjà. Àwọn ìyá wa tó ń ná ọjà Kétu àti Pọ́bẹ̀, tí wọ́n ń kọjá ẹnubodè lọ sí Ìmẹ̀kọ, ta ló dúró di ọmọ ọgbọ̀n ọdún nínú wọn kó tó di àpò owó mú? Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú yín tí mo mọ ìtàn yín, ẹ ti ní ṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó níyàwó tàbí kí ẹ tó relé ọkọ. Ẹni kan fọkàn tán yín nígbà yẹn.

Bí ẹ bá sì fẹ́ àpẹẹrẹ láti òkèèrè, ní Amẹ́ríkà, Sam Walton, ẹni tó dá àwọn ilé ìtajà Walmart sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1940 gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń kọ́ àkóso ilé ìtajà lọ́dọ̀ J.C. Penney, dọ́là 75 ni wọ́n ń san fún un lóṣù. Ní 1945, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ó gba ilé ìtajà àkọ́kọ́ tirẹ̀. Ní 1962 ló ṣí Walmart àkọ́kọ́. Doug McMillon tó padà wá di ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ kan náà ní 2014, ọ̀dọ́langba tó ń já ẹrù lára ọkọ̀ ni ní 1984. Lábẹ́ òfin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, Walton ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ì bá ṣì máa dúró sídìí kẹ́ẹ̀sì.

4. Ẹ ní wọn kì í dúró pẹ́

Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń lé wọn lọ.

Ẹ pè é ní gérant lẹ́nu, kò sí nínú ìwé. Ó ń ṣí ilẹ̀kùn kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ó ń tì í lẹ́yìn ìṣáà, ó ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Àìkú, ó ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Kérésì. Òfin iṣẹ́ ti 1998 fi wákàtí 40 ṣe òdiwọ̀n ọ̀sẹ̀ kan, ó sì fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ ìsinmi. Láti 1 oṣù Kínní 2023 ni owó oṣù tó kéré jù lọ ti kúrò ní 40,000 lọ sí 52,000 fráǹkì. Iye yẹn gan-an lẹ ń san fún ẹni tó di kọ́kọ́rọ́ yín mú, bíi ti ẹni tó dé lánàá láti máa gbálẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tó ń gbálẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó bá sọnù, òun kọ́ lẹ máa ń pè.

Àdéhùn ńkọ́? Òfin ìgbanisíṣẹ́ 2017-05 ti fún ẹ̀yin tí ẹ ń gbani síṣẹ́ ní àyè gbooro: ẹ lè tún àdéhùn onígbà díẹ̀ ṣe léraléra láìsí òpin. N kò fẹ́ràn apá yẹn nínú òfin náà, àwa òṣìṣẹ́ la ń jìyà rẹ̀. Síbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo àyè yẹn, ẹ kò fún wọn ní ìwé. Kí lẹ ń bẹ̀rù?

CNSS náà rèé, àjọ tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́. Ìdá 3.6 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń yọ lára owó òṣìṣẹ́, ẹ̀yin náà ẹ ó fi tiyín kún un. Ọmọ tí orúkọ rẹ̀ bá wọ ibẹ̀ ní ọmọ ọdún méjìlélógún ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó ìfẹ̀yìntì jọ nígbà tí kò tíì mọ̀ pé òun yóò darúgbó. Èyí jẹ́ ọ̀kan nínú àǹfààní tó tóbi jù lọ tí iṣẹ́ tètè bẹ̀rẹ̀ ní, ẹ sì ń fi í dù wọ́n. Ọdún mẹ́ta tí ẹ kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lè má tẹ̀ ẹ́ mọ́.

Mo mọ ọ̀dọ́bìnrin kan tó ṣàkóso ilé ìtajà kan ní ìlú yìí, tí èèyàn mẹ́jọ wà lábẹ́ rẹ̀. Ó lọ wá iṣẹ́ ní Kútọnu. Wọ́n bi í ní ìbéèrè nípa ọjà, ó dá gbogbo rẹ̀ lóhùn. Wọ́n ní kó mú certificat de travail wá, ìwé tí òfin ní kí ẹ fún ẹnikẹ́ni tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó padà wá bá ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́. Ọ̀gá náà ní, “Ṣé o wá ṣiṣẹ́ níbí ni? Ṣebí ńṣe lo kàn ń ràn wá lọ́wọ́.” Ó fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀, ó lọ jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan lẹ́bàá títì, kò lè sọ̀rọ̀. Gbogbo ohun tó kọ́ wà lórí rẹ̀, kò sí ìwé kan tó lè fi hàn án. Ẹni tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ fẹ́ kó dúró pẹ́ lọ́dọ̀ yín?

5. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń kà á

Lẹ́tà yìí kì í ṣe tiyín, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Ẹ má sọ fún ọmọ yín mọ́ pé “o kàwé tán, ọjà lo wá ń tà”. Ẹ bi í léèrè bóyá wọ́n fún un ní ìwé, bóyá orúkọ rẹ̀ wà ní CNSS, bóyá ó ń sinmi. Ìbéèrè wọ̀nyẹn ló yẹ òbí.

6. Ohun tí mo ń bèèrè

Kí ẹ fagi lé òfin ọgbọ̀n ọdún. Dípò rẹ̀, ẹ dán ẹni tó fẹ́ ṣe gérant wò: kó ka ìtò ọjà kan níṣojú yín, kó pa owó ọjọ́ kan pọ̀, kó sọ fún yín iye èrè tó kù lórí ọjà tí ẹ yọ owó lára rẹ̀. Ẹni tó bá yege ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀, ìbáà jẹ́ ọmọ ọdún méjìlélógún tàbí àádọ́ta.

Kí ẹ kọ “gérant” tàbí “igbákejì gérant” sínú àdéhùn rẹ̀, kí owó oṣù rẹ̀ sì ju ti ẹni tí kò di kọ́kọ́rọ́ mú lọ. Kí orúkọ rẹ̀ wọ CNSS láti oṣù àkọ́kọ́.

Kí ẹ dáwọ́ owó tí ẹ ń yọ lára owó oṣù dúró títí tí ẹ ó fi wádìí ibi tí ọjà gbà. Kí ẹ máa ka ọjà lóṣooṣù, níṣojú gérant, níṣojú ẹni tó ń tò ó, níṣojú ẹnì kan láti ọ̀dọ̀ yín, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta buwọ́ lù ú. Ohun tí ẹbí yín bá gbé, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bíi ti oníbàárà. Mo mọ̀ pé ibi tó nira jù lọ fún yín nìyẹn, mo sì ń bẹ̀ yín lórí rẹ̀ ju ìyókù lọ, torí bí gérant ọ̀dọ́ kò bá lè sọ fún ọmọ ọ̀gá pé “ẹ dúró kí n kọ ọ́”, kò sí ìṣirò kankan tó lè dọ́gba.

Bí ọjà tó ń dín bá dín kù nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kí ẹ fún un ní ìpín nínú ohun tó dá padà. Bí ilé ìtajà kan bá ń pàdánù 180,000 lóṣù, tí gérant fà á wálẹ̀ sí 60,000, 120,000 ló dá padà fún yín. Ìdá mẹ́wàá rẹ̀, 12,000 fráǹkì, kò ní pa yín lára.

Àti ìwé. Ẹnikẹ́ni tó bá kúrò lọ́dọ̀ yín ní ìrọ̀rùn, kó lọ pẹ̀lú certificat de travail rẹ̀ lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ọ̀dọ́bìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ wà nínú yín. Ó mọ ara rẹ̀. Ìwé rẹ̀ ṣì ń dúró dè é.

Mo fẹ́ kí ẹ dá wa lóhùn kí ọjà ọdún tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ní oṣù Kọkànlá, nítorí bí ẹ bá pààrọ̀ àwọn gérant yín ní àárín oṣù Kejìlá, àwọn tuntun kò ní mọ ohun tó wà nílẹ̀ àti ohun tí kò sí. Bí ẹnì kan nínú yín bá sì ń fura pé àwọn ọ̀dọ́ ló ń jí ọjà, mo ṣe tán láti wá jókòó ní alẹ́ tí ẹ bá yàn, kí a jọ ka ìtò kan ṣoṣo, láti páálí dé páálí. Èmi yóò mú ìwé tèmi dání. N kò ní gba owó.

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀,

Ọmọ Kétu, gérante tẹ́lẹ̀ rí ní agbègbè Ouando, Àjàṣẹ́